Ta Ló Fọwọ́ Kàn Án Kẹ́yìn? Lámèyítọ́ Lórí Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú British Museum

Nínú àkójọ British Museum tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, abala kan wà tí àwọn tó ń wá àwòrán orí Ifẹ̀ tàbí ère ìbejì kì í sábà kà dé. Ìsàlẹ̀ ló wà, lẹ́yìn orúkọ ohun náà, gígùn rẹ̀, ìlú tó ti wá, ẹni tó tà á àti ọdún tó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìtọ́jú sí: ọjọ́ tí olùtọ́jú gbé ohun náà sórí tábìlì, ìdí tó fi gbé e síbẹ̀, ipò tó bá a, ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe, àti ohun tó padà ṣe. Abala yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ìwé ni mo ṣe kà á, nítorí ìwé ni lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló kọ ọ́ láti ọdún pípẹ́, tí kò sì sí òǹkọ̀wé kan tó lè sọ pé òun ló ni ín.

Ará Mowé, Ìbàfò tàbí Ifọ lè béèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Bí a bá ń wá mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀, àfi ká lọ Abẹ́òkúta tàbí ká wọ Èkó dé Oníkàn. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ló sọ Mowé àti Ìbàfò di ohun tí wọ́n dà lónìí. Ọ̀pọ̀ wa ló kó ẹrù dé láti Èkó, ohun àdáyébá ìdílé wa sì wà nílé bàbá wa, lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ifọ ní tirẹ̀ kò jìnnà sí Ọ̀tà àti ilẹ̀ Yewa, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ayébáyé, tí òyìnbó sì ti ra òmíràn, tí wọ́n ti gba òmíràn, tí wọ́n sì kó o kọjá òkun. Lára ohun tí àwọn olùtọ́jú ń nu ní Lọ́ńdọ̀nù, ti wa wà níbẹ̀. Orí fóònù la sì ti ń rí i báyìí, bí dátà bá ti wà.

Kí n tó dé orí àléébù, ó yẹ kí n yìn wọ́n. Oṣù Kẹrin 2020 ni British Museum tún ojú àkójọ rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, ohun tó súnmọ́ 4,500,000 ni wọ́n sì sọ pé àkọsílẹ̀ náà kó jọ. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ńlá ló ń fi àwòrán àti orúkọ síta; fáìlì ìtọ́jú ni wọ́n máa ń tì pa. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Inú fáìlì yẹn la ti ń rí i pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti pọ́n, pé ẹnì kan ti fi ọ̀dà bo ibi tí kò yẹ kó bò. Mùsíọ́mù tó bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ti gbà kí aráyé bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kò ní àṣehàn. Olùtọ́jú á kọ pé eruku bo ohun náà, pé ó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, pé ọ̀dà ń ṣí níbi báyìí-báyìí. Á kọ pé òun fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku, pé òun fi òwú tí òun rì bọ acetone nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, pé òun fi Paraloid B-72 lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè rò pé orúkọ gọ́ọ̀mù kò tó ohun à ń kọ sílẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Acetone ń yọ́ Paraloid B-72, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tú u láìṣe ohun náà léṣe. Cellulose nitrate tí àwọn olùtọ́jú ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá pẹ́, a máa pọ́n, a sì máa gbẹ débi pé ó ń já fúnra rẹ̀. Bí ẹni ìṣáájú kò bá kọ èyí tó lò, ẹni tó ń bọ̀ yóò máa dán oríṣiríṣi omi wò lára ère títí yóò fi bá èyí tó yọ́ ọ. Aláìsàn tó yí ọsibítù padà láìmú káàdì dání nìyẹn: dókítà tuntun kò mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún un, kò mọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.

Abala ìdí ni mo ti kọ́kọ́ dúró. Nínú èyí tí mo kà, ìpàtẹ ni ìdí tó ń jáde jù: ìpàtẹ ìgbà díẹ̀, ìpàtẹ gbére, tàbí pé wọ́n fẹ́ yá mùsíọ́mù mìíràn. Ohun tó bá lókìkí, tí wọ́n ń gbé káàkiri ayé, ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ a gùn. Ohun tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ tó dé, tí kò sẹ́ni tó pè é fún ìpàtẹ, kò ní ìtàn kankan. Òǹkàwé yóò rò pé ara ohun náà le ni wọn kò fi tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kò tíì wọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀tọ̀ ni pé a kò ṣe nǹkan kan sí i, ọ̀tọ̀ ni pé a kò mọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni pé a mọ̀ ṣùgbọ́n a kò tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òfìfo kan náà ni wọ́n fi dúró fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àkọsílẹ̀ tí olùtọ́jú ọ̀la yóò gbójú lé, àléébù ńlá nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ìlà kan lọ.

Bí wọ́n ṣe to ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ tún gba àríwísí. Gbólóhùn ni. Gbólóhùn dùn-ún kà fún èèyàn. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi wá nǹkan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ká ní a gbọ́ lọ́la pé gọ́ọ̀mù kan ń ba igi jẹ́, tí olùtọ́jú sì fẹ́ mọ gbogbo ère tí wọ́n fi í lẹ̀. Bí orúkọ gọ́ọ̀mù bá ti wà láàárín gbólóhùn, tí ẹnì kan kọ ọ́ tán, tí ẹlòmíràn gé e kúrú, tí ẹnì kẹta ṣì í kọ, a jẹ́ pé kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan ló kù. Paraloid B-72 tí mo dárúkọ yẹn, Acryloid B-72 ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohun kan náà ni bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

Bó ṣe yẹ kó rí, ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó dá dúró, ká wá so ó mọ́ ohun tí a tọ́jú. Ère kan lè gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìtọ́jú kan ṣoṣo sì lè kan ogójì ère, bí ìgbà tí wọ́n bá kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan sínú fìríjì ńlá kí òtútù lè pa kòkòrò inú rẹ̀. Lábẹ́ ìtọ́jú náà, ohun èlò a ní àyè tirẹ̀, inú àtòjọ kan ṣoṣo la ó sì ti máa mú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ a ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ṣe é, àwòrán ìṣáájú àti ti ìkẹyìn, èérún tí wọ́n há kúrò fún àyẹ̀wò àti ibi tí wọ́n tọ́jú èérún yẹn sí, gbogbo wọn a wà. Gbólóhùn á ṣì wà níbẹ̀, nítorí ojú olùtọ́jú tó mọṣẹ́ ń rí ohun tí àtòjọ kò lè dárúkọ.

Ṣé British Museum nìkan la ó wá dá lẹ́bi? Spectrum, ìlànà tí àwọn mùsíọ́mù Brítéènì ń tẹ̀ lé nínú kíkọ àkọsílẹ̀, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì ti mú lò, to iṣẹ́ 21 sílẹ̀. 9 nínú wọn ni wọ́n kà sí èyí tó ṣe kókó jù. Bí ohun ṣe wọlé, bó ṣe di tiwa, ibi tó wà, ẹni tí a yá a, bó ṣe jáde: wọ́n wà nínú 9 yẹn. Ìtọ́jú wà lára 12 tó kù. Ìlànà náà mójú tó ìní ju ara ohun tí a ní lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ká British Museum mọ́lé ní ti ìní pàápàá. Ní 2023 ni ìròyìn jáde pé nǹkan bí 2,000 ohun ti sọnù, tàbí tí wọ́n ti jí, tàbí tí wọ́n ti bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àkọsílẹ̀ tó péye. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo àkójọ náà yóò wọ orí kọ̀ǹpútà tán.

Nínú iṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún yẹn, bí wọ́n bá fi ìtọ́jú sẹ́yìn, wọ́n ṣì ń fi ohun tó lè mú olè sílẹ̀. Orúkọ àti gígùn kò tó láti fi dá ère kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ibi tó sán, ibi tí wọ́n lẹ̀, àwọ̀ gọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, ìwọ̀nyí ni kò lè bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Orí Ifẹ̀ kan wà lára ohun tí wọ́n jí ní mùsíọ́mù Jos ní 1987; ogún ọdún lẹ́yìn náà ló yọjú ní ọjà gbàǹjo ní Bẹ́ljíọ̀mù. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ àpá ara ni ẹlẹ́rìí tí kò ní gbàgbé.

Orí Ifẹ̀ ni mo lọ kà jù lórí àkójọ náà. Ní oṣù Kìíní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Henry Maclear Bate, olóòtú Daily Times nígbà náà, ra ọ̀kan, ó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1939 ló bọ́ sọ́wọ́ British Museum, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń jẹ́ Af1939,34.1. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù wà lọ́dọ̀ Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ní 1947 sí 1948, wọ́n kó àwọn yẹn náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́, kí wọ́n sì pàtẹ wọn, kí wọ́n tó dá wọn padà sílé.

Ìfọ̀mọ́ 1948 yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Idẹ tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, yẹ̀pẹ̀ àti ìpata ní láti bò ó. Ṣùgbọ́n orí wọ̀nyí ní ọ̀dà lára. Títí di òní, àmì pupa àti dúdú ṣì wà lára orí tó wà ní British Museum. Báwo ni ọ̀dà náà ti pọ̀ tó kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án? Èwo ni ọwọ́ àwọn tó hú u ní Wúnmọníjẹ̀ nù dànù nígbà tí wọ́n fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀? Èwo ni láàbù yọ? Ẹni tó ń wá bí adé Ifẹ̀ ṣe rí lójú àwọn tó dà á, ewé kan láti inú ìwé iṣẹ́ láàbù 1948 yóò wúlò fún un ju àwòrán mẹ́wàá tí wọ́n yà lánàá. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀: 1920 ni British Museum ti ní láàbù, Harold Plenderleith tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ni ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ohun àtijọ́, tó jáde ní 1956, di ìwé tí àwọn olùtọ́jú gbogbo ayé fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá kọ nígbà náà, abẹ́ orí kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí á ti máa rí i, títí kan àwọn orí tí kì í ṣe ti British Museum, tó ti padà sí Ifẹ̀. Àkójọ náà kò ní àyè fún irú rẹ̀. Bí ohun kò bá ti jẹ́ tiwọn, ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un kò ní ibi tí yóò jókòó sí lójú ìwé náà.

Ti orí Olókun tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Leo Frobenius rí i ní Ifẹ̀ ní 1910, ó sì pariwo rẹ̀ fún aráyé. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn ìyókù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ní 1949 wọ́n sì kéde pé ẹ̀dà ni, pé ẹnì kan ló dà á láti fi rọ́pò ojúlówó. Fún ọgọ́ta ọdún ni ìwé lórí ìwé ń tún ìdájọ́ yẹn kọ. Nígbà tó tún kọjá lọ fún ìpàtẹ Ifẹ̀ ti 2010, àwọn onímọ̀ British Museum fúnra wọn tún yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2013 dojú ìdájọ́ àtijọ́ bolẹ̀: wọ́n rí ìdí láti gbà pé iṣẹ́ àwọn àgbà Ifẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹ wá wo bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan á ṣí àkọsílẹ̀, á pa èrò àtijọ́ rẹ́, á tẹ èyí tuntun sí i, á tì í. Ó ti tún un ṣe lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé 1949 lẹ́yìn náà kò ní mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ, kò sì ní mọ ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. Àyẹ̀wò méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo lè fara mọ́, nítorí iṣẹ́ ń lọ, a ó sì máa tún un ṣe. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni pé gbogbo ètò náà gbà pé ọjọ́ tí ohun wọ mùsíọ́mù ni ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé ère ìbejì kan yẹ̀ wò. Ìyá ìbejì a máa wẹ̀ ẹ́. A fi osùn pa á lára. A fi aró kùn ún lórí. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé ọjà, òun náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò. A fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. Nígbà tó bá ti tó ogún ọdún, imú ère náà ti pẹlẹbẹ, ilà ojú rẹ̀ ti ń parẹ́, ikùn rẹ̀ ń dán, osùn sì ti dì sí kọ̀rọ̀ abẹ́ apá àti ààrin ẹsẹ̀ níbi tí ìka kò dé. Ọwọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, tó ní ọjọ́ tó ń ṣe é, tó ní ohun tó fi ń ṣe é. Ohun tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ láàbù ní ìtọ́jú kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ tí à ń yẹ̀ wò yìí ṣe wà, bí olùtọ́jú bá rí osùn, abala ipò nìkan ló lè kọ ọ́ sí, láàárín eruku, ìfọ́ àti ihò kòkòrò. Ọwọ́ ìyá di ipò; ọwọ́ ẹni tó fi òwú nu ún di ìtọ́jú. Ibi tí wọ́n bá sì ka osùn mọ́ eruku, kò pẹ́ tí òwú á fi nu òun náà lọ.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 tó sì wọ àkójọ àjogúnbá aráyé rẹ̀ ní 2008? Wọ́n máa ń tún igi náà kùn kí ó tó jáde jó. Ẹfun àti osùn ayé àtijọ́, ọ̀dà agolo ti gorí rẹ̀. Olùtọ́jú tó ń lẹ ọ̀dà tó ń ṣí mọ́ igi padà, ọ̀dà ìkẹyìn ló ń lẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n kùn kí wọ́n tó tà á. Ó ń pa ọdún kan ṣoṣo mọ́ nínú ayé igi náà, ó sì ti dá iṣẹ́ kan dúró tí àwọn tó ni ín ìbá tún ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò burú, mùsíọ́mù kì í jó. Àmọ́ kó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe, kó sì kọ iye ìpele ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó kùn ún.

Ère bàbà tó jókòó, tí wọ́n bá ní Tada létí odò Ọya, tó wà lọ́wọ́ ìjọba wa lónìí, ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará Tada máa ń gbé e lọ sódò, wọ́n a fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja lè pọ̀. Iyanrìn yẹn ló jẹ ojú rẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà ara aṣọ rẹ̀. Olùtọ́jú yóò ní wọ́n bà á jẹ́. Ará Tada yóò ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni, àwọn sì mọ ohun tí àwọn ń rí gbà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ kò nílò láti dá ẹjọ́ náà. Kó kọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ń ṣe é, ohun tó fi ṣe é, ohun tó ń wá, àti ohun tó ti ara rẹ̀ jáde. Àtòjọ kan náà tó gba acetone yóò gba iyanrìn.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ British Museum máa ń kọ àlàyé lórí ìlò àwọn ohun wọ̀nyí sí abala mìíràn, nígbà míì àlàyé tó gùn, tó sì jinlẹ̀. Mo ti kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi òwú nu ère lọ́la, abala ìtọ́jú ni yóò ṣí, kì í ṣe àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan ẹ̀mí èèyàn. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ ogún, àwọn mùsíọ́mù Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi oró pa kòkòrò lára igi, awọ, ìyẹ́ àti aṣọ. Arsenic àti mercury chloride ló kọ́kọ́ wà, DDT àti lindane dé lẹ́yìn wọn. Àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa mọ lindane dáadáa. Òun ló wà nínú Gamalin 20. Ní Ìlà Oòrùn Jámánì, wọ́n ní oògùn igi kan tó ń jẹ́ Hylotox 59, DDT àti lindane ló wà nínú òun náà. Bó bá pẹ́, DDT inú rẹ̀ a tún yọ jáde sójú igi bí ìyẹ̀fun funfun. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sọ ọ́, ẹni tó bá rí funfun yẹn lára ère Ọbàtálá yóò pè é ní ẹfun.

Àwọn Hopi ní Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wa. Òfin 1990 ní kí àwọn mùsíọ́mù ibẹ̀ dá ohun mímọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ padà. Àwọn Hopi gba tiwọn, wọ́n sì wá rí i pé arsenic wà lára díẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí èèyàn ń gbé sójú ni. Ìlànà tó wà lábẹ́ òfin náà pa á láṣẹ pé kí mùsíọ́mù sọ ohun tó bá mọ̀ nípa oró tí wọ́n ti lò sí ohun tó ń dá padà. Ohun tiwa náà ti ń padà bọ̀. Oṣù Kẹfà 2025 ni ìjọba Netherlands dá iṣẹ́ ọnà Bìní 119 padà, Oníkàn ni ayẹyẹ gbígbà rẹ̀ sì ti wáyé. Bí idẹ ti ń bọ̀ lónìí, igi, eyín erin àti aṣọ yóò tẹ̀ lé e. Ìyá tó bá sì gba ère ìbejì padà kò ní tì í mọ́ inú gíláàsì. Yóò gbé e mọ́ra, yóò fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, yóò sì lá ìka rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Digital Benin lè béèrè pé ṣé kò ti ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ńlá lòun náà: oṣù Kọkànlá 2022 ló jáde, ó kó àkọsílẹ̀ ohun 5,246 láti ilé iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20 sójú kan, ó fi èdè Ẹ̀dó pe ohun Bìní, ó sì gba ohùn àwọn tó mọ ìtàn náà sílẹ̀. Ọ̀nà tí ohun gbà kúrò nílé ló ń tọ̀. Ìtọ́jú kì í ṣe ojú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí British Museum ní ni òun kò ní, ohun tí òun ní sì ni British Museum ń wá.

Ní tèmi, abala ìtọ́jú inú àkójọ British Museum yẹ fún kíkà, ó sì yẹ kí àwọn mùsíọ́mù wa wò ó kọ́ iṣẹ́. Ẹ mú ìwà ìṣísílẹ̀ rẹ̀, ẹ mú bó ṣe ya ipò, èrò àti iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ má mú òfìfo rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan, ẹ má sì mú ààlà tó fi sẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́mù. Sọ́fítíwìà olówó gọbọi kọ́ ló máa ṣe é. Tábìlì méjì lórí kọ̀ǹpútà kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ohun, ọ̀kan fún ìtọ́jú, kí nọ́ńbà ohun náà so wọ́n pọ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbòmíràn nítorí iná NEPA. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò sì wọ́n wa: 1963 ni UNESCO ti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ mùsíọ́mù sílẹ̀ ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ àjogúnbá Áfíríkà sì ti wà ní Porto-Novo, ní ìtòsí wa, láti 1998.

Ẹ̀yin ìdílé ní Ifọ àti agbègbè rẹ̀ tí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí ère ìbejì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìwé ọmọ iléèwé kan jì í. Ẹ kọ ẹni tó kùn ún kẹ́yìn, ọdún tó kùn ún, ọ̀dà tó lò, àti oògùn tí ẹ fọ́n sí i nítorí ikán. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣojú ìjọba àpapọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù, nígbà tí àpótí bá tún dé láti òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ béèrè fáìlì ìtọ́jú ohun kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti oró kòkòrò, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gbà á.